Pípa lẹ́tà ilé-iṣẹ́ rẹ́ lára orí rélùwéè kékeré láì ṣí ọ̀dà abẹ́ rẹ̀

Ọmọ_Mọníyà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Orí rélùwéè kékeré kan, irú tí a fi ń ṣeré lórí tábìlì, ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí. Ìwọ̀n HO ni (1:87 sí ti gidi), wọ́n sì ṣe é ní àwòrán èyí tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Bọ́dì rẹ̀ búlúù, ilà yẹ́lò kan sì gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Orúkọ iléeṣẹ́ rélùwéè kan ní Amẹ́ríkà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ní lẹ́tà funfun, nọ́ńbà sì wà lábẹ́ fèrèsé awakọ̀. Mo fẹ́ kí orúkọ àti nọ́ńbà kúrò kí n lè kọ NRC (iléeṣẹ́ rélùwéè Nàìjíríà) sí i, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kun bọ́dì lódindi. Kí búlúù àti ilà yẹn wà bí wọ́n ṣe wà. Ohun tó wà nílé ni spírítì, tínà àwọn akunlé, àti asitóònù tí wọ́n fi ń pa pólíìṣì èékánná rẹ́. Èwo ni kí n lò, báwo ni mo sì ṣe máa lò ó?

Bàbá_Ṣaṣí:
Àbúrò, kọ́kọ́ gbé tínà àti asitóònù jìnnà sí i. Polystyrene tàbí ABS ni ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn bọ́dì yìí, asitóònù sì ń yọ́ méjèèjì. Tínà kò sàn jù ú lọ. Bẹntiróòlù pàápàá ń jẹ ike náà. Wọn kò ní dúró lórí lẹ́tà, wọ́n á gba inú ọ̀dà kọjá wọ inú ike, àwọn ríbẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ tó yọ síta lára bọ́dì á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyẹn kò ní àtúnṣe.

Spírítì rẹ wúlò, ṣùgbọ́n má tíì ṣí i. Mọ ohun tí o fẹ́ yọ ná. Ilé-iṣẹ́ kì í fi búrọ́ọ̀ṣì kọ lẹ́tà wọ̀nyí. Wọ́n á fín lẹ́tà sára irin pẹlẹbẹ, wọ́n á da yíǹkì sí ojú ibi tí wọ́n fín, wọ́n á nu èyí tó kù lórí irin nù. Wọ́n á wá fi tìmùtìmù sílíkóònù tó rọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí yíǹkì lè lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì lọ tẹ tìmùtìmù náà mọ́ bọ́dì tí ọ̀dà rẹ̀ ti gbẹ. Orí ọ̀dà ni yíǹkì yìí jókòó sí, ó sì fẹ́lẹ́ ju ọ̀dà lọ. Gbogbo iṣẹ́ náà dá lórí ìyẹn: kí ohun tí o fi pa á rọ yíǹkì kó tó ráyè dé ara ọ̀dà. Àkókò ni kí o máa ṣọ́, má fi agbára ọwọ́ ṣe é. Ẹni tó bá ń fi tipátipá ha lẹ́tà, ọ̀dà ló ń ha.

Tú bọ́dì kúrò lórí ṣaṣí kí o tó fi omi kankan kàn án. Lára ọ̀pọ̀ HO, skúrù tó di àpótí ìsopọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn mú náà ló di bọ́dì mú. Lára àwọn mìíràn, èékánná ike tó wà nínú ẹ̀gbẹ́ ló há a. Yọ gíláàsì fèrèsé, yọ iná iwájú tó bá ṣeé yọ, nítorí spírítì lè mú kí ike tó mọ́ gaara sán wẹ́wẹ́, pàápàá níbi tí wọ́n ti fi ipá kì í wọlé. Mótò, bọ́ọ̀dù DCC (èyí tó ń gba àṣẹ ìwakọ̀) àti sípíkà, ọ̀rínrin kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Lẹ́yìn náà, fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan fọ bọ́dì, ṣàn án, kí o jẹ́ kó gbẹ. Òróró ìka ọwọ́ kì í jẹ́ kí spírítì rìn déédéé lórí ọ̀dà.

Ọmọ_Mọníyà:
Ẹ ṣé gan-an ni, bàbá. Spírítì yẹn ńkọ́? Ṣé bó ṣe wà nínú ìgò ni kí n ṣe lò ó?

Dẹ́kàlì_Bódìjà:
Ẹ jẹ́ kí n gba apá spírítì. Èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì káàkiri Ìbàdàn, ètánọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú mẹ́tánọ́ọ̀lù díẹ̀ tí wọ́n fi sí i kí ẹnikẹ́ni má baà mu ún. Tí ìgò bá kọ 95% sára, ó le jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ da ìdérí spírítì mẹ́ta pọ̀ mọ́ ìdérí omi kan, á bọ́ sí nǹkan bí 70%. Bẹ́ẹ̀ á rọra ṣiṣẹ́, ẹ ó sì ráyè dá a dúró. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí iná kankan má sì sí nítòsí, ì báà jẹ́ ti àbẹ́là tàbí ti sítóòfù. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ń gba awọ ara wọlé, iná rẹ̀ kì í sì í hàn dáadáa lójú ọ̀sán.

Ẹ dán an wò níbi tí ojú kò ní tó. Etí ìsàlẹ̀ bọ́dì, lẹ́yìn táǹkì epo, dára. Ẹ ti igi òwú tí a fi ń nu etí bọ inú spírítì, ẹ fún un kó má máa kán, ẹ gbé e lé ọ̀dà fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ wá yí i. Tí òwú bá ṣì funfun, ọ̀dà yẹn gba spírítì. Tó bá ti di búlúù, ẹ má lo spírítì fún bọ́dì yìí mọ́, kí ẹ wá ọ̀nà mìíràn.

Tó bá gbà á, ẹ mú lẹ́tà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé òwú lé e fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, ẹ yí i gbirigbiri lórí rẹ̀, ẹ má nù ún síwá sẹ́yìn. Lẹ́tà funfun kò ní hàn lórí òwú funfun, nítorí náà ẹ má wá a níbẹ̀. Etí lẹ́tà ni kí ẹ máa wò. Dídán rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ, etí rẹ̀ tó gún rébété á wá di wúruwùru, ihò wẹ́wẹ́ á sì ṣí láàárín rẹ̀ tí búlúù á máa yọjú. Ìgbà yẹn ni ó ti rọ̀. Ẹ pààrọ̀ òwú, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun kan ṣoṣo tó lè hàn lórí òwú yẹn ni búlúù, bó bá sì ti hàn, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ fi omi tútù ṣàn ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí kan kí ẹ tó padà sí i. Ọ̀dà tí spírítì ti rọ̀ máa ń le padà tí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ń yí òwú lé lórí lọ, gbígbó ni yóò gbó.

Fún yíǹkì tó bá há sí ìdí ríbẹ́ẹ̀tì tàbí etí ilẹ̀kùn, ẹ fi bíléèdì gé orí igi ìtayín kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ rì í bọ spírítì kan náà, ẹ fi tì í jáde. Igi rọ̀ ju ọ̀dà gbígbẹ lọ, kò ní fín in bí irin ṣe máa ń fín in.

Olùkà_Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀gbọ́n Dẹ́kàlì, ẹ jọ̀ọ́, àwọn kan ń lo omi tí wọ́n fi ń rọ dẹ́kàlì, ìyẹn lẹ́tà tàbí àwòrán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ bọ́dì. Ṣé òótọ́ ni pé ó sàn ju spírítì lọ?

Dẹ́kàlì_Bódìjà:
Ó sàn fún ọ̀pọ̀ bọ́dì, nítorí ó máa ń rọ yíǹkì láì tètè mú ọ̀dà. Solvaset tí Walthers ń tà ló le jù, Micro Sol ti Microscale rọ̀ díẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kun lẹ́tà nìkan, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Kó má gbẹ o. Bí ẹ bá rí i tó fẹ́ gbẹ, ẹ tún kun ún. Lẹ́yìn náà igi òwú tàbí igi ìtayín, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ. Wàhálà rẹ̀ ni pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ó ti rà á, ẹ̀ ń dúró dè é. Tí ìdánwò spírítì bá kùnà lára bọ́dì yín, ó tó dúró dè.

Akunlé_Agodi:
Ẹ̀yin ará, ẹ ò tíì dárúkọ rọ́bìn kọ́ńpáàǹdì, èyí táwọn pẹ́ńtà mọ́tò fi ń mú kí ọ̀dà ọkọ̀ dán. Ó wà lọ́jà Àràròmí ní Agodi Géètì, ẹ ò nílò kí ẹ rà á láti òkè òkun. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, T-Cut, tí í ṣe irú rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe rélùwéè kékeré fi ń pa nọ́ńbà rẹ́. Kò gbẹ́kẹ̀ lé irú ọ̀dà tí ilé-iṣẹ́ lò, nítorí fífá ló ń fá yíǹkì, ẹ kò níí máa bẹ̀rù pé ọ̀dà á yọ́ lójijì. Ẹ bèèrè èyí tó kúnná jù lọ. Oríṣi tó rí ṣákaṣàka tí wọ́n fi ń gé ọ̀dà mọ́tò kò yẹ ike yìí.

Ìwọ̀nba bí ẹyọ ìrẹsì kan lórí igi òwú ti tó fún lẹ́tà kan. Ẹ yí i róbótó, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ nu ún kúrò lẹ́yìn bí ìyípo mẹ́wàá, kí ẹ wo ohun tó kù. Tí ẹ ò bá rí kọ́ńpáàǹdì tó kúnná, Makilíìn funfun tí a fi ń fọ eyín náà ń fá, ó kàn ń pẹ́ ni. Èyí tó rí bí jẹ́ẹ̀lì kì í sábà ní agbára tó.

Bàbá_Ṣaṣí:
Akunlé, mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí ibi tó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí àbúrò wa gbé kọ́ńpáàǹdì lọ sórí ríbẹ́ẹ̀tì tàbí etí ilẹ̀kùn. Ibi tó bá yọ síta ni ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù, ibẹ̀ náà ni kọ́ńpáàǹdì á sì kọ́kọ́ kàn. Kí lẹ́tà tó wà ní ilẹ̀ tó lọ, orí ríbẹ́ẹ̀tì á ti hó dé ike. Ohun kejì, ọ̀pọ̀ kọ́ńpáàǹdì mọ́tò ló ní ìda tàbí sílíkóònù nínú. Bí ó bá kù lára bọ́dì, dẹ́kàlì kò ní lẹ̀ mọ́ ọn, fánìṣì á sì máa sá jọ bí ẹ̀kán omi lórí epo. Ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó tó kan ohun mìíràn.

Akunlé_Agodi:
Òótọ́ ni, bàbá, mo fara mọ́ ọn. Kí a pín in báyìí: níbi tí ẹ̀gbẹ́ bọ́dì bá tẹ́jú, kọ́ńpáàǹdì; níbi tí ríbẹ́ẹ̀tì, ihò atẹ́gùn tàbí etí ilẹ̀kùn bá wà, spírítì tàbí Solvaset. Nọ́ńbà abẹ́ fèrèsé sábà máa ń wà lórí ríbẹ́ẹ̀tì, nítorí náà olómi ni tirẹ̀.

Ọmọ_Mọníyà:
Ìdánwò spírítì yege lẹ́yìn táǹkì, òwú kò yí àwọ̀ padà. Ẹsẹ̀ lẹ́tà méjì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilà yẹ́lò yẹn. Ṣé kí n fi pépà téèpù bo ilà náà kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Dẹ́kàlì_Bódìjà:
Ó dáa tí ẹ bèèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Lára ọ̀pọ̀ orí rélùwéè, ilà yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà. Tìmùtìmù kan náà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, yíǹkì kan náà. Ohun tó bá pa lẹ́tà á pa ilà. Búlúù nìkan ni ẹ sì dán wò. Ẹ gbé òwú lé ilà fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ní ìpẹ̀kun ẹ̀yìn, níbi tí ó ti ṣẹ́ kọ́nà. Tí yẹ́lò bá hàn lórí òwú, yíǹkì ni.

Téèpù kò ní gbà yín. Spírítì ń wọ́ gba abẹ́ rẹ̀, á jókòó síbẹ̀, ẹ kò ní rí i títí ẹ ó fi ṣí i. Tó bá jẹ́ pé yíǹkì ni ilà, ẹ jẹ́ kí olómi dúró ní mìlímítà 3 sí i, ẹ wá fi ìrésà fá ìyókù ẹsẹ̀ lẹ́tà. Irú ìrésà líle tí wọ́n fi ń pa bírò rẹ́ ni kí ẹ rà, ẹ fi bíléèdì gé e kó mú ṣóńṣó, ẹ fá láti ọ̀dọ̀ ilà lọ sí òkè, ẹ má fá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láé. Pépà téèpù wúlò níbí, nítorí iṣẹ́ gbígbẹ ni. Ẹ kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ yín kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ dínkù, kó má baà ṣí ilà náà nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́.

Olùkà_Mọ́kọ́lá:
Nọ́ńbà kékeré tó wà nínú àpótí iná iwájú ńkọ́? Tirẹ̀ wà lórí ike gaara.

Bàbá_Ṣaṣí:
Má fi olómi kankan kàn án. Igi ìtayín tí a gé orí rẹ̀, gbígbẹ, kí a fi fá a pẹ̀lú sùúrù. Bí ike náà bá ṣeé yọ, yọ ọ́ kí o fá a lórí tábìlì.

Ọmọ_Mọníyà:
Lẹ́tà ti lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀dà ò sì ṣí. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ṣì ń ka orúkọ náà bí òjìji. Kí ló fà á?

Bàbá_Ṣaṣí:
Ohun mẹ́ta ló lè fà á, àtúnṣe wọn sì yàtọ̀ síra. Fi ìka tó tutù bu omi pa ibẹ̀, kí o tún tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bí òjìji bá pòórá nígbà tó tutù, dídán ni wàhálà rẹ̀: ibi tí o yí òwú lé ń dán ju àyíká rẹ̀ lọ, tàbí kò dán tó o. Má tún fá a mọ́, fánìṣì á bò ó.

Bí kò bá pòórá, fi èékánná rọra gba ojú rẹ̀ kọjá. Tí o bá fura pé nǹkan ga, fánìṣì ilé-iṣẹ́ ló wà lórí lẹ́tà, lẹ́tà ti lọ ṣùgbọ́n etí fánìṣì dúró yíká ibi tó wà. Sáńpépà 2000 tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ olómi, gé e ní sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ìrésà, rì í bọ omi ọlọ́ṣẹ, kí o fi pa etí yẹn nìkan. Ìpa mẹ́rin márùn-ún, nù ún, wò ó.

Bí ojú rẹ̀ bá tẹ́jú tí òjìji ṣì wà, àwọ̀ ló yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ti mú kí búlúù ìta ṣá, èyí tí lẹ́tà bò mọ́lẹ̀ kò ṣá. Kò sí ohun tí a lè fi fọ ìyẹn kúrò. Lẹ́tà NRC tuntun á bo díẹ̀, ìyókù, kun ún ní àbùlẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù rárá: nígbà tí rélùwéè ńlá gidi bá ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n sábà máa ń fi ọ̀dà onígun mẹ́rin bo orúkọ àtijọ́, wọ́n á kọ nọ́ńbà tuntun lé e, ọkọ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ lọ.

Ọmọ_Mọníyà:
Ó pòórá nígbà tó tutù. Dídán ni. Fánìṣì wo ni kí n lò?

Dẹ́kàlì_Bódìjà:
Méjì, ní ìtẹ̀léra. Èyí tó ń dán lẹ kọ́kọ́ máa fọ́n, nítorí dẹ́kàlì. Bí ojú bọ́dì bá rí ṣákaṣàka, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ dẹ́kàlì, ibẹ̀ á máa tàn bíi fàdákà, gbogbo ènìyàn á sì rí etí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fánìṣì dídán gbẹ fún wákàtí 24, ẹ lẹ dẹ́kàlì, ẹ kun Micro Sol lé e, ẹ jẹ́ kí ìyẹn náà gbẹ di ọjọ́ kejì, ẹ fi omi nu àmì gọ́ọ̀mù kúrò. Lẹ́yìn náà ni èyí tí kò dán, tó máa mú gbogbo ara rẹ̀ dọ́gba.

Lẹ́tà funfun kò ṣeé tẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé, nítorí kò ní yíǹkì funfun. Ẹ ra dẹ́kàlì álífábẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, Microscale ní irú rẹ̀, kí ẹ to N, R àti C síra wọn fúnra yín. Ẹ tò wọ́n lórí etí pépà téèpù kí wọ́n lè wà ní ìlà kan.

Akunlé_Agodi:
Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ kù o. Ní àsìkò òjò Ìbàdàn, tí ẹ bá fọ́n fánìṣì lẹ́yìn tí òjò dá, afẹ́fẹ́ ṣì kún fún omi. Fánìṣì tó ń gbẹ máa ń tutù, omi á dì sí i lára, gbogbo bọ́dì á funfun bí ẹni pé a da ẹfun lé e. Ẹ dúró di ọjọ́ tí oòrùn bá ti yọ dáadáa, láàárín aago mọ́kànlá sí aago mẹ́ta ọ̀sán, nínú ilé tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí agolo jìnnà sí bọ́dì ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, ẹ bẹ̀rẹ̀ fífọ́n kí ó tó kan bọ́dì, ẹ má dúró lójú kan. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn lọ. Tó bá sì funfun, ẹ má fá a. Ẹ dúró de ọjọ́ tó gbẹ, ẹ fọ́n fánìṣì kan náà lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sábà máa ń pòórá. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku ni ọ̀tá: ẹ fi páálí bo bọ́dì ní kété tí ẹ bá fọ́n ọn tán.

Ẹ má sì tún jẹ́ kí spírítì kan fánìṣì tí kò dán mọ́ lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́. Ó máa ń sọ ọ́ di funfun.

Olùkà_Mọ́kọ́lá:
Ìbéèrè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ṣé HO tiẹ̀ bá NRC mu?

Bàbá_Ṣaṣí:
Ó sinmi lórí ojú irin tí àbúrò wa ní lọ́kàn. HO jẹ́ 1:87, àlàfo ojú irin rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 16.5. Sọ ọ́ di púpọ̀ nígbà 87, o ti dé nǹkan bí 1,435, èyí tí í ṣe ojú irin tuntun láti Èkó dé Mọníyà gan-an. Ṣùgbọ́n ojú irin àtijọ́ tó dé Ìbàdàn ní 1901, ti ibùdókọ̀ Dùgbẹ̀, mìlímítà 1,067 ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìyẹn lórí irin HO kan náà, ìwọ̀n 1:64 ló yẹ kí ara ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́, nítorí 16.5 nígbà 64 jẹ́ 1,056. Ọ̀nà tí àwọn ará Ọsirélíà àti New Zealand ń gbà ṣe tiwọn nìyẹn.

Ọmọ_Mọníyà:
Ti Mọníyà ni mo fẹ́, bàbá, nítorí náà HO tọ̀nà. Ìbéèrè ìkẹyìn: nínú nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lábẹ́ fèrèsé, mo lè lo méjì àkọ́kọ́. Ṣé kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, àbí méjì ìgbẹ̀yìn nìkan?

Dẹ́kàlì_Bódìjà:
Méjì ìgbẹ̀yìn nìkan, tí ẹ bá rí dẹ́kàlì tí gíga àti ìrísí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ilé-iṣẹ́ mu. Ẹ fi rúlà oní-mìlímítà wọn gíga rẹ̀ kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Funfun dẹ́kàlì àti funfun ilé-iṣẹ́ kì í sábà bára mu pátápátá, ẹ gbé méjèèjì sí ojú oòrùn kí ẹ fi wé ara wọn. Tí ìyàtọ̀ bá hàn, ẹ pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ tó máa kọjú sí ògiri lórí tábìlì yín, kí ọwọ́ yín ti mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí yíǹkì yẹn ń gbà kí ẹ tó kan ẹ̀gbẹ́ kejì.